Ẹni Tó Fi Igi Tún Mọ́tò Ṣe

Ní Agbóyè àti àwọn ìlú tó yí i ká, òwe kan wà tí kò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà ti ń pa bí ẹni pé baba ńlá wọn ló fi í sílẹ̀: "Ẹni tó fi igi tún mọ́tò ṣe, àna rẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ rìn." Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pa á kò mọ̀. Àwọn kan ní àwàdà àwọn awakọ̀ ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, nítorí èmi ni mo fi igi tún mọ́tò ṣe. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, Ọ̀jẹ́wálé lorúkọ mi. Odó àti ọmọ odó ni mò ń gbẹ́, igi ayan ni mo sì fẹ́ràn jù. Odó ayan tí bàbá mi gbẹ́ kí wọ́n tó bí mi ṣì wà nílé wa, iyán tí wọ́n ti gún nínú rẹ̀ kò lóǹkà, kò sì là. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan dáadáa a máa rò pé gbogbo iṣẹ́ ayé ló jọ ọ́.

Mo ní mọ́tò ògbólógbòó kan tí mo fi ń kó odó lọ sọ́jà. Ó dé àkókò kan tó ń ké kàà-kàà lábẹ́ nígbàkígbà tó bá ti kó sí kòtò. Ráfíù mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní búṣì iwájú ti jẹ. Búṣì ni rọ́bà roboto tó wà níbi tí apá irin tó di táyà mú ti so mọ́ ara mọ́tò. Òun ló ń bá mọ́tò gba ìyà kòtò. Ráfíù dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo wo rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju ìkúùkù ọmọ kékeré lọ, inú sì bí mi.

"Èyí ni wọ́n ń ta ní gbogbo owó yẹn? Màá gbẹ́ ẹ."

Ráfíù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi rọ́bà ṣe é nítorí pé rọ́bà ń tẹ̀. Igi yín le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Ohun tí kò bá lè tẹ̀, ṣe ló máa là."

"Ṣé o ti rí odó mi kan tó là rí?"

"Ẹ kì í gun odó lọ sọ́dọ̀ àna yín ní Òkè-Ọ̀sán," ni ó wí, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé n kò lówó. Owó rẹ̀ wà nílé. Ahun ló ń ṣe mí, mo wá ń pè é ní ọgbọ́n. Mo gbẹ́ búṣì ayan méjì, mo rẹ wọ́n sínú àdín fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbá wọn wọlé. Igbe kàà-kàà dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi rọ́bà tó jẹ náà han àwọn oníbàárà mi, pé kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ aráyé jẹ. Olúfúnwa, ìyàwó mi, nìkan ni kò bá mi yangàn. Ohun tó ń wí kò ju pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà má fi gbé èèyàn."

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Olúfúnwa ti ń wá ọmọ. Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo fi igi sí mọ́tò, ó bí ọmọbìnrin kan. Nínú ẹbí tiwa, ìyá ìyàwó ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oyin, iyọ̀, obì àti orógbó wá fún ìsọmọlórúkọ àkọ́bí, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ sọ orúkọ. Bí kò bá tíì dé, a kì í bẹ̀rẹ̀. Oòrùn kò sì gbọ́dọ̀ ga kí a tó parí.

Ìyá ìyàwó mi ń dá gbé ní Òkè-Ọ̀sán. Ní ọjọ́ keje tí a bímọ, wọ́n pè mí lórí fóònù. "Ọkọ ọmọ mi, ẹ mọ̀ pé orúnkún mi kò gba ìrìn mọ́, mi ò sì ń gun ọ̀kadà láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti pa bàbá Olúfúnwa. Ṣé mọ́tò yín á gbé mi dé?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá," ni mo dáhùn. "Ayan ló gbé e dúró." Kò yé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àmín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo lọ gbé wọn. Wọ́n wọ aṣọ òkè, wọ́n wọ bàtà tuntun, wọ́n gbé agbọ̀n ẹrù ọmọ lé itan. A ti ń sún mọ́ ilé nígbà tí mọ́tò kó sí kòtò kan ní ìsàlẹ̀ òkè. Mo gbọ́ "pàá" bí ìgbà tí èèyàn bá la igi ìdáná. Táyà iwájú yíjú sínú, mọ́tò sì jókòó sójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wo abẹ́ rẹ̀, búṣì mi ti là sí méjì. Mo yọ apá kan, mo sì tì í bọ abẹ́ aṣọ inú agbọ̀n kí ẹni tó ń kọjá má baà rí i.

Ilé ṣì ku máìlì mẹ́ta. Ọ̀kadà méjì dúró, ṣùgbọ́n Ìyá mirí. Mọ́tò kan kọjá, èrò ti kún inú rẹ̀. Ìyá wo oòrùn, wọ́n bọ́ bàtà tuntun tó ń fún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ gbé agbọ̀n yẹn, ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo gbé agbọ̀n rù, mo tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, wọ́n á tún máa lọ. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́.

Gbogbo ẹbí ti wà níta nígbà tí a dé. Wọ́n rí àna wọn láìwọ bàtà, tí eruku bò wọ́n dé orúnkún, wọ́n sì rí èmi tí mo ru agbọ̀n bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá Láwọyin, olórí ẹbí wa, béèrè pé mọ́tò ńkọ́. Kí n tó lanu, Ìyá ti dáhùn: "Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ tí a wá fún ọdún mọ́kànlá, ó yẹ kéèyàn rìn wá dúpẹ́."

Mo rò pé wọ́n ti bo àṣírí mi. Mo ti gbàgbé ohun tí mo fi sínú agbọ̀n. Àwọn ìyàwó ilé kó ẹrù inú rẹ̀ sínú àwo, Bàbá Láwọyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi oyin wúre, wọ́n fi iyọ̀ wúre, wọ́n fi orógbó wúre. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé igi dúdú kan tó ń yọ̀ fún àdín, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ìyá wa, èyí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi èyí wúre fún ọmọ lọ́dọ̀ tiyín?"

Ìyá wo ilẹ̀. Wọ́n ti bá mi parọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò lè bá mi pa òmíràn lójú ọmọ tuntun. Ráfíù tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tẹ orí ba. Olúfúnwa wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì wo ojú mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Búṣì mọ́tò mi ni. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Bàbá Láwọyin rọra gbé igi náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, wọ́n ní: "Ọ̀jẹ́wálé, o fi igi tún mọ́tò ṣe, àna rẹ fẹsẹ̀ rìn." Wọn kò fi kún un. Wọ́n bẹ Ìyá, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ orúkọ ọmọ.

Ìyá gbé ọmọ náà lé ọwọ́. "Arìnọlá," ni wọ́n wí. "Inú ọlá ni mo rìn wọ̀ lónìí."

Mo ra búṣì rọ́bà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n orúnkún Ìyá wú lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sì tún rìn láìsí ọ̀pá mọ́. Èmi ni mo gbẹ́ ọ̀pá náà. Ayan ni. Wọ́n gbà á, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bí ọ̀rọ̀ Bàbá Láwọyin ṣe di òwe nìyẹn. Nígbà tí èèyàn bá ń ṣọ́ owó lórí ohun tí ẹlòmíràn yóò fara gbá, ni àwọn àgbà ń pa á. Ní oṣù tó kọjá, a ṣe ìpàdé lórí afárá ìlú. Ẹnì kan ní kí a fi pákó àtijọ́ tún un ṣe, kí owó má baà pọ̀. Àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ mí dìde, ó ní: "Ẹni tó fi igi tún mọ́tò ṣe, àna rẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ rìn." Mo ní òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí kò tíì pa òwe yìí létí mi ní Agbóyè, títí kan Arìnọlá ọmọ mi. Ìyá nìkan ni kò pa á rí.