Àlùfáà Tó Pe Ìsàmì ní Òfo

Àlùfáà ìjọ Lútérànì kan wà, ará ilẹ̀ òtútù, tí wọ́n rán lọ wàásù fún àwọn ará òkè kan ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó kọ́ èdè wọn títí ó fi lè bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbẹ̀. Ó sin ìyàwó rẹ̀ sí ilẹ̀ náà, kò sì torí ìyẹn padà sílé. Nígbà tó yá, ìjọ wà ní gbogbo abúlé orí òkè, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó lórí gbogbo wọn.

Ọmọ ilẹ̀ náà kan ń ràn án lọ́wọ́, Onísímù lorúkọ rẹ̀. Onísímù ló ń kọ́ àwọn tó ń múra fún ìsàmì. Òun ló ń bẹ aláìsàn wò, òun ló sì ń parí ìjà tọkọtaya. Àwọn àgbà ìjọ a máa sọ fún àlùfáà pé, "Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ lé Onísímù lórí, kí òun náà di àlùfáà." Èsì kan náà ni wọ́n ń gbà: "Kò tíì tó àkókò. Ọmọ ọwọ́ ṣì ni yín nínú ìgbàgbọ́."

Ogun wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè àlùfáà àti ìjọba tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Àwọn ṣọ́jà wá mú un. Kí wọ́n tó mú un lọ, ó pe Onísímù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Máa ka Bíbélì fún wọn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n má ṣe sàmì fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi dé."

Onísímù ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Ogun náà pẹ́. Láàárín rẹ̀, àìsàn ikọ́ burúkú kan gun òkè náà wá, ó sì ń pa àwọn ọmọdé. Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn wá sí ẹnu ọ̀nà Onísímù, wọ́n ní kó sàmì fún wọn kí wọ́n tó kú. Ó kọ̀. Ọmọ kan kú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níbi tí Onísímù ti ń ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi lè ṣe é. Onísímù wọlé, ó sunkún, ó bu omi jáde. Láti ọjọ́ náà, kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ogun parí, àlùfáà padà dé. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ti rò pé ìjọ yóò ti túká, ṣùgbọ́n orin ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì pọ̀ ju bí ó ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí Onísímù ṣe, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú ìjọ, ó ní, "Gbogbo ìsàmì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn mi, òfo ni. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wá, n ó tún un ṣe."

Onísímù wolẹ̀, kò fọhùn. Àwọn ènìyàn tò, wọ́n gbé ọmọ dání. Ó kan obìnrin kan tí kò gbé nǹkan kan dání.

Àlùfáà bi í pé, "Ìyá, ọmọ rẹ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilẹ̀. Tàbítà lorúkọ rẹ̀. Onísímù sàmì fún un láàárọ̀, ó kú lọ́sàn-án. Ẹ ní òfo ni. Bàbá, ṣé kí n lọ hú u wá ni, kí ẹ lè tún un ṣe?"

Àlùfáà wo omi inú àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé ìjọ tirẹ̀ gan-an ló ń kọ́ni pé níbi tí ikú bá ti súnmọ́, tí kò sí àlùfáà, onígbàgbọ́ èyíkéyìí lè sàmì, Ọlọ́run yóò sì gbà á. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló ń dà á láàmú. Ohun tó dùn ún ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ń lọ síwájú nígbà tí òun kò sí níbẹ̀.

Ó gbé àwo náà kalẹ̀. Ó kọjú sí Onísímù, ó ní, "Kí ló dé tí o kò dá mi lóhùn?"

"Bàbá, n kò fẹ́ já yín níyàn níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ìyá ń ké."

Àlùfáà sọ fún gbogbo ìjọ pé, "Èmi ni mo ṣì í sọ. Ìsàmì náà, ti Ọlọ́run ni, kò sí òfo nínú rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé Onísímù lórí, ó sì fi í jẹ àlùfáà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba Oúnjẹ Olúwa, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ará òkè, ó sì gbà á lọ́wọ́ Onísímù.

Ìyá Tàbítà kò tètè padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó sì tún lọ. Obìnrin náà fún un ní àpótí jókòó, ó fún un lómi mu, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu kò rọrùn láti kó padà.

Ìwọ olórí ẹgbẹ́ ni mo ń bá wí, arákùnrin mi. Àìsàn dá ọ dúbúlẹ̀, àwọn tó kù sì di ẹgbẹ́ náà mú bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ara rẹ ti yá wàyí, o sì ń wó gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nítorí pé wọn kò bi ọ́ kí wọ́n tó ṣe é. O pè é ní títún nǹkan ṣe. Wo ọkàn rẹ dáadáa, bóyá ohun tó ń dùn ọ́ ni pé wọn kò ṣubú. Kí o tó pe ìpàdé mìíràn, lọ sí ilé igbákejì rẹ. Má fi ẹnikẹ́ni ránṣẹ́. Lọ fúnra rẹ, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.