Ẹran Ọjọ́ Ẹtì àti Àwo Ìyá Baálẹ̀

Bí ẹnì kan bá fẹ́ dẹ pańpẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀ ní Òkè-Ahùn, àwọn àgbà á ní, "Kí o tó pín ẹran ọjọ́ Ẹtì, wo àwo ìyá rẹ." Kí ló pa ẹran àti ìyá pọ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ rèé.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀. Baálẹ̀ Òjélabí ní àwọn Àgùdà, ọmọ ìjọ Fadá, ló bí òrìṣà ìlú nínú. Ó dáná sun ilé àdúrà wọn, ó ní kí wọ́n kó kúrò nílùú. Àwọn kan lọ, àwọn kan fi ẹ̀sìn wọn pamọ́. Bí yóò ṣe mọ àwọn tó kù ni kò yé e, títí ẹnì kan fi ta á lólobó pé Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ó pe gbogbo ìlú sí ojúde rẹ̀, ó ní kí wọ́n pín ẹran ìgalà.

"Ẹni tí kò bá jẹ, kó lọ di ẹrù rẹ̀."

Ó ń wo àwo kiri. Ó dé ọ̀dọ̀ Felísíà, opó tó máa ń fi òróró wọ́ orúnkún fún àwọn arúgbó. Ẹran tirẹ̀ wà bó ṣe wà.

"Felísíà, ṣé ẹran ò dùn ni?"

"Ó ń ta sánsán, Baálẹ̀. Ọjọ́ ni kò gbà á."

"Ó dáa. Oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ bá ọ nílùú yìí."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni oko rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ibojì ọkọ rẹ̀ wà. Ni ohùn kan bá dún lẹ́yìn:

"Àjàgbé, ní kí wọ́n bá mi di ẹrù tèmi náà."

Ìyá Baálẹ̀ ni, tó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. Ẹran kò kúrò nínú àwo rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin kẹ̀? Ṣebí eyín ló ń dùn yín?"

"Eyín wo ló ń dùn èèyàn lọ́jọ́ Ẹtì nìkan? Ó pé ọdún mẹ́ta, o ò bi mí rí."

Baálẹ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wo Felísíà, ó wá kọjú sí ọdẹ tó gbé ẹran wá.

"Ẹran yìí ti bàjẹ́. Ẹ dà á nù."

"Baálẹ̀, àárọ̀ yìí ni mo pa á!"

"Mo ní ó ti bàjẹ́!"

Àwọn tó ti jẹ tiwọn tán ṣì ń lá ìka, ṣùgbọ́n wọ́n bá wọn dà á nù. Felísíà gba ilé rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó tún bi í léèrè ohun tó ń jẹ.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́: kí o tó pín ẹran ọjọ́ Ẹtì, wo àwo ìyá rẹ.