Omi tí Oyègbàmí Dà Sínú Àwo Ọṣẹ

"Omi díẹ̀díẹ̀ ni ọṣẹ fi ń hó." Bí ẹ bá dé ìlú Ìdí-Ìyeyè, ẹ kò ní pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, òwe náà rúni lójú. Ẹni tó bá ti fọ aṣọ lódò rí mọ̀ pé omi kì í pọ̀ jù fún ọṣẹ. Kí ló wá dé tí òwe fi ń ṣahun omi? Ọṣẹ wo ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń pò? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn Oyègbàmí onígbàjámọ̀ kò lè túmọ̀ rẹ̀.

Oyègbàmí ló ń fá irùngbọ̀n gbogbo ọkùnrin Ìdí-Ìyeyè, lábẹ́ igi ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Tirẹ̀ nìkan ni kò fá. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni irùngbọ̀n ọ̀hún fi wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kún bí oko tí olóko sá fi sílẹ̀.

Jìnádù aránbàtà, tó ń jókòó ní òdìkejì títì, kì í jẹ́ kó gbádùn. "Alásè tó ń febi sùn! Ṣé kí n wá fi ọ̀bẹ bàtà bá ọ gé e ni?"

"Má fọwọ́ kàn án o," Oyègbàmí á ní. "Ó ní ẹni tó ni ín."

Ẹni tó ni ín ni Fadérera, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó máa ń pè ní Àwẹ̀ró. Láti kékeré ni Àwẹ̀ró ti ń bá a po ọṣẹ ìfárùngbọ̀n. Á ti búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á gbọ̀n ọ́n nù, á wá máa fi yí ọṣẹ nínú àwo. Bó bá fẹ́ gbẹ, á fi orí búrọ́ọ̀ṣì kan omi, á tún yí i, títí ọṣẹ á fi wú, tí á funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Nígbà náà ni yóò da àwo dojú dé. Bí ìfófó kò bá já bọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá."

Nígbà tí ó pé ọmọ ogún ọdún, ó tẹ̀lé ọkùnrin kan tí Oyègbàmí kò fẹ́ fún un lọ sí Kùmáàsì, ní ilẹ̀ Gánà. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún karùn-ún, kò wá. Láti ìgbà tó ti lọ, bí Oyègbàmí bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ojú ara rẹ̀, á tún gbé e sílẹ̀. Bí ọkọ̀ Kùmáàsì bá sì ti dé, á dá iṣẹ́ dúró, á máa wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ. Ó dá a lójú pé òun yóò mọ ti Àwẹ̀ró.

Ó sì mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ náà yọ, ó sọdá wá sábẹ́ igi ìyeyè, ẹni tó ni ín sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Mo ń lọ ra ọjà ní Ìbàdàn. Bí awakọ̀ bá jẹun tán, a ó máa lọ. Mo ní kí n kàn kí yín."

Ìbéèrè ọdún mẹ́sàn-án ya lu Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan náà. "Níbo lo wà? Ọkọ rẹ dà? Ṣé o ti bímọ? Kí ló dé tí o kò wá sin ìyá rẹ? Ta lo fi mí sílẹ̀ fún?"

Bí ìbéèrè ṣe ń jáde ni Àwẹ̀ró ń súnkì. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbá ẹrù rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ dúró nídìí ọkọ̀."

Oyègbàmí na ọwọ́ dá a dúró. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n yìí, ìwọ lo ni ín. Bá mi fá a kí o tó lọ."

Àwẹ̀ró wo irùngbọ̀n náà títí. Ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó mú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ojú Oyègbàmí wà lára awakọ̀ tó ti ń fọ ọwọ́. Ó gbé kẹ́tùrù, ó da omi yàà sínú àwo. Ọṣẹ ṣàn kiri bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Ẹ̀rín ìgbà èwe bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró. "Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbá mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀kán omi kan! Ta ló kọ́ mi pé omi díẹ̀díẹ̀ ni ọṣẹ fi ń hó?"

"Bó ṣe ń da omi sọ́ṣẹ náà ló ṣe ń da ìbéèrè sọ́mọ!" Jìnádù kígbe láti òdìkejì. "Oyègbàmí, panu mọ́!"

Àwẹ̀ró da èyí nù, ó po òmíràn. Ó da àwo dojú dé, kò já bọ́. Ó wá fi kun bàbá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, lágbọ̀n, títí dé ètè. Ẹni tí ọṣẹ wà létè rẹ̀ kì í la ẹnu, ẹni tí abẹ wà lágbọ̀n rẹ̀ kì í mi. Tipátipá ni Oyègbàmí fi dákẹ́. Abẹ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Oṣù mẹ́ta ni lẹ́tà tó sọ pé Màmá kú lò lọ́nà," Àwẹ̀ró sọ ọ́ bí ẹni ń bá abẹ sọ̀rọ̀. Ó nu abẹ. Ó tún fá díẹ̀. "Mo ti ra aṣọ fún wọn kí lẹ́tà náà tó dé." Ó tún nu abẹ. "Aṣọ náà ló wà nínú ẹrù yẹn. Ọdún kẹrin rèé, n kò rẹ́ni gbé e fún."

Omijé la ọ̀nà gba inú ìfófó ojú Oyègbàmí. Kò nù ún.

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣì kù, ọṣẹ ibẹ̀ sì ti ń gbẹ. "Má lọ" dé eyín Oyègbàmí. Ó gbé e mì tòun tọṣẹ. Ó mú kẹ́tùrù, ó kán omi ẹyọ kan sórí búrọ́ọ̀ṣì, ó nà án sí i.

Àwẹ̀ró gbà á. Ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò nílé. Lọ́jọ́ karùn-ún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ó ní òun ti bí ọmọ méjì. Ọ̀dọ̀ wọn ló padà sí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí òjò bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, á wá. Láàárín ọdún sí ọdún, irùngbọ̀n Oyègbàmí a tún kún, Jìnádù a tún máa yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà a tún máa wo ẹsẹ̀ lẹ́nu ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ó di ọdún kẹta kí Àwẹ̀ró tó sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹni tó ti jìnnà bá padà wálé, tí àwọn ará ilé fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí bí ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ láàárín wọn bá fẹ́ kó tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà Ìdí-Ìyeyè kan á fà wọ́n sẹ́yìn, á ní kí wọ́n rọra: omi díẹ̀díẹ̀ ni ọṣẹ fi ń hó.