Ìyá Ìnàkí àti Ẹyẹ Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó bà lé Ìyá Ìnàkí. Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ rẹ̀ ti ẹ̀wà bọ imú, kò lè mí dáadáa mọ́. Ìyá ki ìka bọ̀ ọ́, ẹ̀wà wọnú sí i. Ó fi igi wá a, ẹ̀jẹ̀ dé. Ó gún ata kí ọmọ lè sín, ẹkún ló sun.

Ẹyẹ kékeré tó ń mu omi òdòdó ní, “Ẹ jẹ́ n wò ó, Ìyá.”

“Ìwọ tí o ò tó ìka mi?”

“Ìka yín ló tì í wọlé, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá di ọmọ mú. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹyẹ, rọra o.
Tín-ín-tín!
Má gún ọmọ mi.
Tín-ín-tín!

Ẹyẹ fi ẹnu rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ fa ẹ̀wà jáde. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Ìyá Ìnàkí kúnlẹ̀ gbì: “O ṣeun, olóore mi!”

Títí dòní, bí Ìnàkí bá ń já èso, kì í ṣẹ́ ẹ̀ka tó ní òdòdó. Ti ẹyẹ nìyẹn.