Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ Kò Sọ̀ Kalẹ̀ Mọ́
Ní aṣálẹ̀ Íńdíà, Bánwà oníràkúnmí gbé Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, arìnrìn-àjò láti Ìsẹ́yìn, gun ẹran rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí màmá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Bánwà ní ràkúnmí kò ní kúnlẹ̀ àfi tí wọ́n bá bọ́ ẹ̀gbà ọrùn wúrà wọn fún òun. Màmá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Atẹ́gùn ibí tù mí lára." Màmá ṣí agboòrùn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí àwọn àlejò tó fẹ́ gun ràkúnmí dé, màmá ní, "Bánwà ni kò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀." Àwọn àlejò kọjá sọ́dọ̀ oníràkúnmí mìíràn. Bánwà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Màmá ní, "Ó di ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì mi." Bánwà fa okùn, ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, màmá sì jókòó sókè bí olorì.