Ọkọ̀ Tí Kò Kẹ̀yìn Sọ́ba

Ọba kan sọ fún Ògúngbèmí mẹkáníìkì lójú àwọn àlejò pé, “Bí ògbólógbòó ọkọ̀ eré Ítálì mi yìí kò bá gbéra báyìí, àtìmọ́lé ni wàá sùn.” Ẹ́ńjìnnì tí ó tún ṣe ń bú bí ẹkùn, àmọ́ eyín jíà ti jẹ tán, àfi ti rìfáàsì. Ẹ̀ṣọ́ ti mú okùn dání. Ògúngbèmí dọ̀bálẹ̀ níwájú ìtẹ́, ó wọnú ọkọ̀, ó sì fẹ̀yìn wà á lọ sẹ́nu géètì. Ọba ní, “Yí i padà, kó o wà á síwájú.” Ògúngbèmí yọrí lójú fèrèsé, ó ní, “Kábíyèsí, ta ni mí tí n ó kẹ̀yìn sí ọba?” Kí àwọn àlejò tó pàtẹ́wọ́ tán, ó ti fẹ̀yìn dé sọ́ọ̀bù, ó ń tú jíà.