Okùn tí Kò Gùn Tó Mọ́

Nígbà tí ilẹ̀ ayé ṣì súnmọ́ ara ju báyìí lọ, ọ̀gbun kan wà láàrin ìlú Etí-Ọ̀gbun àti ìlú Ìsọdá. Ọdẹ́sanmí ni olùtọ́jú afárá ibẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, yóò gé ọ̀pẹ tuntun, yóò fi okùn ìwọ̀n tí àwọn baba rẹ̀ fi sílẹ̀ wọ̀n ọ́n, àwọn ọkùnrin ìlú yóò sì bá a gbé e sórí ọ̀gbun. Awọ ẹtu ni wọ́n fi rán ẹnu okùn náà méjèèjì. Èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ so nǹkan mọ́ ọn.

Ọdún tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kú, Ọdẹ́sanmí kò lè jókòó sójú kan mọ́. Inú yàrá ni wọ́n sin obìnrin náà sí. Bí ọkọ bá dùbúlẹ̀, yóò dìde. Bí ó bá bu òkèlè, yóò dá a padà sínú àwo. Etí ọ̀gbun ni í máa ń rìn lọ rìn bọ̀, tí yóò máa wo Ìsọdá, níbi tí Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà ti ránṣẹ́ pé kí bàbá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èsì kan náà ni ó ń gbà: "Ta ni n ó fi ìyá rẹ sílẹ̀ fún?"

Lọ́dún náà, wọ́n gbé ọ̀pẹ sórí ọ̀gbun, kò kan òdìkejì. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló kù. Igi náà yí gbiri, ó já bọ́, wọn kò sì gbọ́ ìró ìbalẹ̀ rẹ̀.

Alátiṣe, Ọ̀tún Baálẹ̀, figbe ta. "Ẹ wo iṣẹ́ ọ̀lẹ! Ó ti gé okùn, kí igi lè fúyẹ́ léjìká rẹ̀!"

"Èmi, gé okùn?"

"Àbí eku ló gé e? Eku ilé rẹ mà kúkú mọṣẹ́ o!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́sanmí tẹ́ okùn sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Awọ ẹtu wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì, ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò tú. Baálẹ̀ fọwọ́ pa á títí, ó ní okùn pé. Wọ́n gé ọ̀pẹ mìíràn lójú gbogbo ìlú, wọ́n wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ìlú. Òun náà já bọ́.

Nígbà náà ni ìyá ọkọ Ìbídùn, arúgbó kùjọ́kùjọ́, dé etí ọ̀gbun lọ́hùn-ún, ó nahùn pè wọ́n.

"Àna mi o! Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé, láyé àwọn ìyá tiwọn, bí iná bá kú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba ògúnná lọ́wọ́ ará ọ̀hún. Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ arúgbó ni!"

Ọdẹ́sanmí wo ògiri ọ̀gbun bí ẹni tí kò rí i rí. Ìlà òkúta funfun kan gba ara àpáta tiwọn kọjá, ó dé etí, ó já, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ní ọ̀gangan rẹ̀. Ibi tí àpáta tiwọn ti yọ, ibẹ̀ ni tọ̀hún ti wọnú, bí igbá kan ṣoṣo tí a là sí méjì.

"Kò sẹ́ni tó gé nǹkan kan," ni ó wí. "Ilẹ̀ ló ń lọ."

"Ilẹ̀?" ni Alátiṣe wí. "Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"A ó gé àràbà," ni Baálẹ̀ wí. "Ó gùn ju ọ̀pẹ lọ."

"Ẹ ó gé e, Baba. Bí òun náà kò bá tó mọ́ ńkọ́? Igi wo ló ga ju àràbà lọ?"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé àáké.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gé àràbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e sọ́hùn-ún, orí rẹ̀ kàn fara lé etí àpáta ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìbídùn dúró lọ́hùn-ún. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀.

Ọdẹ́sanmí padà sílé. Ó gbá yàrá Àwẹ̀ró, ó bu omi tútù sílẹ̀. "Ìyá Ìbídùn," ó ní, "mo jókòó tì ọ́ títí agbára mi fi pin." Ó jáde.

Alátiṣe dì í láṣọ mú lẹ́nu afárá. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Ọdẹ́sanmí, ta ló ń lé ọ? Ibojì ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ilẹ̀ tí mo sin ín sí pàápàá kò dúró. Ayé ló ń lọ, mo ń tọ̀ ọ́."

Ó gun igi. Ó dé àárín, igi ké, kò bojú wẹ̀yìn. Ìbídùn gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, àràbà já bọ́. Ọ̀gbun ń fẹ̀ sí i, omi wọnú rẹ̀, omi di òkun, ará ìhín kò sì gbọ́ igbe ará ọ̀hún mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ lẹ́nu afárá kò bá afárá lọ. Òun ni àwọn àgbà sọ di òwe, tí wọ́n ń pa títí dòní pé: Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́.